Ẹ Bi Ìyá Akọ̀wé: Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́, ṣé mo ní líìfù?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ líìfù sì ni gbogbo wọn. Èyí àkọ́kọ́ gba ibi tó pọ̀ jù nínú ojú ìwé yìí. Kí àwọn mẹ́ta yòókù má bínú, ó ní ohun tí ó hú jáde nínú mi.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Akọ̀wé. Ilé búrẹ́dì kan ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé nìkan ni mò ń lọ, torí ìgbà yẹn ni búrẹ́dì ń tà jù. Èmi ni mò ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá, èmi náà ni mò ń ka èyí tó ń wọ ọkọ̀. ₦36,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ó ti di ọdún méjì àti oṣù méjì tí mo ti wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní líìfù kí n lè lọ tọ́jú ìyá mi ní Ìdànrè. Ọ̀gá wa ní, “Ìwọ tó ò ń fi ọjọ́ mẹ́rin sinmi lọ́sẹ̀, líìfù wo lo tún ń wá?” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣé òótọ́ ló sọ? — Adíbúrẹ́dì, Àkúrẹ́

Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, òfin ni kò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tí o kì í lọ yẹn, ṣé ó ń sanwó rẹ̀ fún ọ ni? Líìfù tí à ń wí ni kéèyàn jókòó sílé kí owó máa wọlé. Ọjọ́ tí o jókòó sílé tí owó kò wọlé kì í ṣe ìsinmi tí ọ̀gá fún ọ, ọjọ́ tìrẹ ni, ó ṣeé ṣe kí o tilẹ̀ máa fi ta nǹkan mìíràn.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974 tí a ń pè ní Labour Act, sọ ọ́ ní ẹ̀ka kejìdínlógún pé gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá láìdáwọ́ dúró ló ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, títí kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọjọ́ méjìlá ni tirẹ̀. “Gbogbo òṣìṣẹ́” ni wọ́n kọ. Mo ti ka ẹ̀ka yẹn títí etí ìwé náà fi ya, n kò rí ibi tí wọ́n ti yọ ẹni tó ń ṣe part-time sọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àìdáwọ́ dúró, bi í léèrè ọ̀sẹ̀ tí o pa jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni iye ọjọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ọjọ́ iṣẹ́ ta ni? Ọjọ́ iṣẹ́ tìrẹ ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé. Mẹ́fà nínú irú wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọ̀gá rẹ, tó bá gbọ́ èyí, á fò sókè. Á ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n kọ mẹ́fà, pé ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ́ fún onítọ̀hún, kí ìwọ náà gba ọ̀sẹ̀ kan tìrẹ, ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ àríyànjiyàn yẹn dáadáa, torí èmi náà ti jà á rí, ẹ̀yìn máníjà ni mo sì wà.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń kọ ìwé owó-oṣù ní sọ́mìlì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹni tó ni ín ṣì wà láyé, a sì jọ máa ń jókòó nídìí tábìlì kan náà níbi òkú. Obìnrin mẹ́fà kan máa ń wá gbá ìyẹ̀fun pákó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, máníjà ní kí n fa ìlà síwájú orúkọ wọn nínú ìwé líìfù, pé kò sí tiwọn. Mo fà á. Rúlà ni mo fi fà á, mo tún wò ó bóyá ó gún.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́. Kò mọ̀wé. Ó da agolo náà sórí ìwé tí mò ń kọ: àgbàdo ni, kòkòrò ti lu àwọn kan, àwọn kan ti dúdú. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ti gbálẹ̀ tán ni òun máa ń ju hóró kan sínú rẹ̀. A jọ kà á. Mò ń kó wọn jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, òun náà tẹjú mọ́ ìka mi bí ẹni tí wọ́n ń wọn gàrí fún. Hóró 153 ni. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 156, ó ku mẹ́ta. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi kú nìyẹn. Ẹ ti yọ owó rẹ̀ nígbà yẹn.” Mo ṣí ìwé mi padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé tí wọ́n ń sanwó fún mi láti kọ, agolo mílíìkì bá a dọ́gba.

Máníjà wá, ó rí àgbàdo lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kí n kọ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún wọn. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá alágolo yẹn tilẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi láti oko ọkọ rẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó fara balẹ̀ ka òfin náà fúnra mi, tí mo rí i pé “ọ̀sẹ̀ kan” kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo jẹ obìnrin yẹn ní gbèsè, mo sì tún gún iṣu rẹ̀ jẹ.

N kò ní parọ́, ọ̀rọ̀ máníjà kò ṣófo pátápátá. Nígbà tí ẹ̀ka òfin kan náà ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n níbi tó ti sọ̀rọ̀ ìsinmi gangan, ọjọ́ ló kà. Nítorí náà, béèrè mẹ́fà. Bí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan sórí mẹ́ta, ìwọ lo gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé òfin ló dín in kù fún ọ.

Wàyí o, owó. ₦36,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦432,000 lọ́dún. Pín in sí ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, ó jẹ́ bíi ₦8,307 lọ́sẹ̀. Pín ìyẹn sí mẹ́ta, bíi ₦2,769 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà tí o bá fi wà ní Ìdànrè, bíi ₦16,615 nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ dín kúrò nínú owó-oṣù rẹ. Búrẹ́dì tí wọ́n bá ń fún yín gbé lọ sílé kò sí nínú ìṣirò, torí owó gangan ni òfin ní kí a kà fún líìfù, láìsí ófátáìmù, láìsí àjẹmọ́nú kankan.

O ti lo oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láìgba ìsinmi kankan. Òfin gbà pé kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò láti sún líìfù síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́rìnlélógún. Ìwọ kò bá ẹnikẹ́ni fẹnu kò sí nǹkan, oṣù mẹ́rìnlélógún náà sì ti kọjá. Ìyẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ.

Má fi ẹnu béèrè mọ́, wọ́n á tún fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ewé kan péré: ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ọjọ́ tí o máa ń wá, ọjọ́ tí o fẹ́ lọ àti ọjọ́ tí o fẹ́ padà. Fi déètì sí i, kí o tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Béèrè ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú, torí láàárín oṣù mẹ́ta tí o bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fún ọ, ọ̀rọ̀ ìsinmi sì yẹ kó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ló kàn. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ níbí, ṣùgbọ́n nítorí ₦16,615, lọ́yà á ti jẹ owó náà tán kí adájọ́ tó jókòó. Lo ìwé rẹ ná.

Kí n fi èyí kún un fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń di búrẹ́dì. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí kò tíì pé ọdún kan, kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ká ní oṣù mẹ́jọ ló lò lórí irú owó tìrẹ: oṣù mẹ́jọ nínú méjìlá, ti owó ọ̀sẹ̀ kan, jẹ́ bíi ₦5,538. Owó tí kò pọ̀ ni, mo mọ̀. Ó tó ra àpò ìyẹ̀fun kéékèèké kan tàbí méjì, ọ̀gá yín kò sì ní fún aṣẹ́ṣẹ̀dé ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Akọ̀wé, àgbàlagbà ni mí ní Òkè-Àró. Ọmọ mi obìnrin wà ní ìlú Leeds, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjìlá lójúmọ́. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ọlidé rẹ̀ lọ́dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún ń gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó pè mí, ó ń sunkún pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń lọ síṣẹ́ ní tirẹ̀. Wọ́n ní kò ní ọjọ́ kan pàtó. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Bàbá Leeds

Bàbá, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ ní kó nu ojú rẹ̀ nù, ìrẹ́jẹ náà wà, ṣùgbọ́n ibi tó ń wò kọ́ ló wà.

Àwọn ará Ìlú Ọba kì í ka ọjọ́ bíi tiwa, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọ̀sẹ̀ 5.6 ni òfin wọn fún gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ kálukú sì ni iye ọjọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún: 5.6 lọ́nà márùn-ún, 28. Ọmọ yín: 5.6 lọ́nà mẹ́ta, 16.8. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn méjèèjì lè fi jókòó sílé dọ́gba. Kódà ẹni tó ń ṣe ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kì í gbà ju 28 lọ lábẹ́ òfin, ibẹ̀ ni wọ́n dé e mọ́. Bí mo bá fi wé tiwa, ó wù mí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ká ní ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ sí tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò bá má ti jẹ ìyá alágolo yẹn ní gbèsè. Obìnrin yẹn ì bá sì gba mẹ́ta péré, kò sí awuyewuye.

16.8 yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti gé e sí 16. Wọ́n lè sọ ọ́ di 17 bí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gé e wálẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣe wákàtí méjìlá lójúmọ́, 0.8 tí wọ́n gé jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Ohun tó yẹ kó bi ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn: wákàtí mẹ́sàn-án mi dà?

Kó tún wo ọ̀rọ̀ àwọn ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Mẹ́jọ ni wọ́n ní lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kà wọ́n mọ́ ọ̀sẹ̀ 5.6 náà. Mọ́ńdè ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bọ́ sí. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní Mọ́ńdè, kí wọ́n má lọ yọ ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú 16.8 rẹ̀.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, wákàtí ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀. Iye wákàtí tó bá ṣe, ìdá 12.07 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ìsinmi tó kó jọ. Ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà ṣákálá yẹn rèé: ọdún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52; yọ 5.6 tí èèyàn ó fi sinmi, ó ku 46.4 tó fi ń ṣiṣẹ́, pín 5.6 sí 46.4. Bó bá ṣe 80 wákàtí lóṣù kan, bíi wákàtí mẹ́sàn-án àti ogójì ìṣẹ́jú dín díẹ̀ ni, wọ́n á sì kà á sí mẹ́wàá. Wọ́n tún lè máa san owó ọlidé yẹn mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sanwó, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ dá dúró lórí ìwé owó rẹ̀, kó lè rí i. Kó lọ wò ó. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí wọn ò sì fún un ní ọlidé, á jẹ́ pé ẹnì kan ń jẹ ẹ́.

Nọ́ńbà yẹn ní ìtàn, ẹ má jẹ́ kí n fi dù yín. Olùkọ́ orin kan ní Bedford, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sasofóònù àti klarinẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi 12.07 ka tirẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ 5.6 òun ni òun ń gbà ní pípé. Ó bá wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ó sì borí ní oṣù Keje 2022. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún òfin ṣe, tí 12.07 fi padà wọlé fún àwọn tí wákàtí wọn kò dúró sójú kan àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ apá kan ọdún, láti ìgbà tí ọdún ìsinmi wọn bá bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹrin 2024 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ yín obìnrin kò sí lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀ dúró sójú kan.

Mà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé aládàáni méjì ní Oǹdó, ọjọ́ méjì níbí, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Ṣé mo lè gba ọjọ́ mẹ́fà ní ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan? — Tíṣà, Oǹdó

Tíṣà mi, ọ̀rọ̀ tìrẹ kò rí bíi ti adíbúrẹ́dì. Labour Act fúnra rẹ̀ ti sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́: àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ agbára àti àwọn akọ̀wé. Ó yọ àwọn alákòóso àti àwọn tó ń fi iṣẹ́ ìmọ̀ tí wọ́n kọ́ jẹun kúrò, ibẹ̀ sì ni wọ́n á fi olùkọ́ sí. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ ló máa sọ̀rọ̀ fún ọ. Wò ó bóyá wọ́n á sanwó fún ọ ní oṣù tí ilé-ìwé bá wà ní ọlidé. Bí kò bá sí níbẹ̀, béèrè kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá tíṣà Yorùbá kiri. Tó bá ti di àárín sáà, ohùn wọn á ti yí padà.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ní kẹ́míìsì ní Yábà, Oǹdó. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi tajà, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Wọ́n ti lé ní ọdún kan. Bí ọ̀kan bá lọ, ọjà á dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ fún wọn ní ₦10,000 ₦10,000 dípò líìfù, inú wọn á sì dùn. Ṣé ó dáa? — Oníkẹ́míìsì

Ọ̀gá mi, kò dáa. Òfin kan náà sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi owó rọ́pò ìsinmi fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó bá ń lọ pátápátá ni ẹ lè sanwó. Inú wọn á dùn lóòótọ́, inú ta ni kì í dùn sí ₦10,000? Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró láti aago mẹ́ta títí di aago mẹ́wàá alẹ́ lójoojúmọ́, tó ń ka oògùn, owó yẹn kò lè bá a sinmi.

Wákàtí díẹ̀ ni kálukú wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, nítorí náà ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà wọn kò ní àríyànjiyàn kankan nínú. Ọ̀sẹ̀ tí ti àárọ̀ bá lọ, kí ẹ̀yin fúnra yín dúró láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣáà ni ṣọ́ọ̀bù. Tí ti alẹ́ bá lọ, ẹ tètè ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí àwọn oníbàárà má bàa máa kànkùn lóru. Kí èyí tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ yín kọ́kọ́ lọ.